Ọkọ̀ tí a kò nù gbẹ, a kò tíì fọ̀ ọ́

Èrò ọkàn mi rèé, ẹni tó bá fẹ́ bú mi kó bú mi: ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń fọ ọkọ̀ nílé ní Iléṣà yìí, ìdajì iṣẹ́ là ń ṣe. A ó da omi, a ó fi ọṣẹ, a ó ṣan án, a ó wá lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí oòrùn máa bá wa gbẹ ẹ́. Oòrùn á gbẹ ẹ́ lóòótọ́. Ohun tó ń fi sílẹ̀ lára ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Sátidé kan tí a fẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní Ifẹ̀, aago mọ́kànlá àárọ̀ ni mo fọ ọkọ̀ mi. Ọkọ̀ dúdú ni. Omi kànga ilé wa ni mo lò, oòrùn sì ti mú. Mo wọlé lọ wẹ̀, mo gbé agbádá wọ̀, a gbéra. A ò tíì dé Òṣú tí ìyàwó mi, tó jókòó níwájú, fi na ìka sí bọ́nẹ́ẹ̀tì: "Bàbá Tóbi, ta ló ta ẹ̀kọ mímu sí yín lára ọkọ̀?" Ẹ̀kọ kọ́. Àmì funfun róbótó-róbótó ni, ó kún bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó kún gíláàsì iwájú, ọ̀kọ̀ọ̀kan rí bí òrùka. Nígbà tí a débẹ̀, àna mi kan yí ọkọ̀ náà po, ó ní òun ò mọ̀ pé làpálàpá ń mú ọkọ̀ náà.

Mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru ọṣẹ. Mo pààrọ̀ ọṣẹ, àmì tún yọ. Mo gbé e lọ síbi ìfọkọ̀ kan, aṣọ tí ọmọ náà fi nu táyà ló tún fi nu bọ́nẹ́ẹ̀tì. N ò débẹ̀ mọ́. Ìyá àgbà tó wà ní àgbàlá kejì sí tiwa ló là mí lójú, àwọn fúnra wọn ò sì mọ̀. Tí òjò bá ti ṣú báyìí, wọ́n á ti to bááfù àti korobá sábẹ́ òṣòòrò. Mo bi wọ́n pé, "Màmá, kànga wà ńlẹ̀ yìí, kí lẹ ń gbe omi òjò fún?" Wọ́n ní, "Omi kànga yín yẹn le jù. Ìgbà wo lo rí i tí ọṣẹ hó dáadáa nínú ẹ̀? Aṣọ funfun tí mo bá fi fọ̀, bí ẹni pé mo fi eérú pa á lára ni."

Omi tó le. Gbogbo wa là ń sọ ọ́, a ò kàn ronú ẹ̀ dé ara ọkọ̀ ni. Omi tó ń gba inú ilẹ̀ àti àárín àpáta kọjá kó tó dé kànga tàbí bọ̀hóòlù, ó máa ń yọ́ lára àpáta náà mọ́ra: calcium, magnesium àti irú wọn. Ojú ò lè rí wọn nínú korobá. Ṣùgbọ́n tí oòrùn bá fa omi lọ, omi nìkan ló ń lọ. Òkúta kì í bá omi fò. Ibi tí ẹ̀kán omi ti gbẹ ló ń jókòó sí, etí ẹ̀kán náà ló sì ń pọ̀ sí jù, ìdí nìyẹn tí àmì yẹn fi ń rí bí òrùka. Ẹ wo ìdí kẹ́tùlù tí ẹ fi ń se omi tíì. Ohun funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn yẹn, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Mo dán an wò kí n tó gbà (ẹ ò lè fi ẹnu lásán mú Ìjẹ̀ṣà). Mo gbé dígí dúdú kan síta lọ́sàn-án, mo kán omi kànga sí apá kan, píọ̀ wọ́tà sí àárín, omi òjò ìyá àgbà sí apá kejì. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹ̀ gbẹ. Omi kànga fi òrùka funfun tó ki sílẹ̀, mo fi èékánná họ ọ́, kò tètè lọ. Ti píọ̀ wọ́tà fẹ́lẹ́. Ti omi òjò, àfi ìgbà tí mo gbé dígí náà dagun sí ìmọ́lẹ̀ kí n tó rí i.

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé òjò á kúkú bá òun fọ̀ ọ́ o. Eruku ti wà lára ọkọ̀ kí òjò tó rọ̀, òjò á sọ ọ́ di ẹrẹ̀ tín-ín-rín ni. Òjò àkọ́rọ̀ náà, ẹ jẹ́ kó fọ páànù ilé yín ná kí ẹ tó gbè é.

Báyìí, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo ń fọ tèmi, tàbí lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀nà dé, n kì í fọwọ́ kan omi, torí ooru ẹ́ńjìnnì ṣì wà nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ọkọ̀ tilẹ̀ wà lábẹ́ ibòòji. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń wò ó. Tí kò bá ṣeé gbé ọwọ́ lé, mo ń dúró. Lásìkò ọyẹ́ ó tún yàtọ̀: afẹ́fẹ́ gan-an ló ń fa omi gbẹ, kò dìgbà tí oòrùn bá dé. Òrùlé ọkọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ fọ̀, kí n ṣan án, kí n nù ún, kí n tó sún mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Omi kànga ni mo ṣì fi ń fọ ọṣẹ kúrò, omi òjò díẹ̀ ni mo fi ń kádìí ẹ̀. N kì í jù ú lù ú mọ́. Jẹ́jẹ́ ni mo ń dà á látòkè, kó ṣàn bí aṣọ tí wọ́n ń fà, tó bá ń lọ bẹ́ẹ̀ á máa kó àwọn ẹ̀kán tó kù lọ. Ẹni tó ní hóòsì, kó yọ ẹnu ẹ̀ kúrò, kó jẹ́ kó máa rọra ṣàn.

Nínù ló kù. Táwẹ̀lì microfiber méjì ni mo ní, wọ́n ń tà wọ́n. Màá tẹ́ àkọ́kọ́ pẹrẹsẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, màá rọra fà á sọ́dọ̀ ara mi, kò sí pé à ń fi agbára ha nǹkan. Ó ti gba ọ̀pọ̀ omi náà. Èkejì tó gbẹ ló ń parí iṣẹ́. Màá ṣí ilẹ̀kùn àti búùtù, màá nu etí wọn àti abẹ́ díńgí ẹ̀gbẹ́, torí ibẹ̀ ni omi ń sá pamọ́ sí, tí á wá máa ṣàn jáde nígbà tí ẹ bá ti kó aṣọ. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ló ń jẹ ẹ̀yìn mi níyà. Mo máa ń lóṣòó tì í bí òṣómàáló tó wá gba gbèsè, n kì í sì í dìde kó tó gbẹ.

Èyí tó ti wà lára ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ bu fínígà funfun àti omi dọ́gba-dọ́gba, ẹ rẹ aṣọ rírọ̀ sínú ẹ̀, ẹ fi lé ojú àmì náà fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì níbi tí oòrùn ò sí, ẹ wá fi omi ṣan án dáadáa, kí ẹ nù ún. Fínígà ń bó wáàsì tí wọ́n fi ń bo ọ̀dà ọkọ̀, torí náà ẹ tún un fi. Tí kò bá lọ, ó ti jẹ ara ọ̀dà nìyẹn, iṣẹ́ ẹni tó mọ pólíìṣì ni. Ẹ má fi kànrìnkàn onírin họ ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Kẹrosíìnì tí àwọn kan fi ń pa ọkọ̀ lára kó lè dán, eruku ló ń pè wá. Ọṣẹ ìfọṣọ lúbúlúbú náà, wáàsì ló ń fọ̀ dànù, ara ọkọ̀ tí kò sì ní wáàsì ni omi ti ń ráyè tẹ́ sílẹ̀.

Ẹni tí kò rí omi òjò gbè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tó ń kán láti ara ẹ̀rọ amúlétutù kò ní òkúta nínú, ẹ fi korobá gbè é. Ẹni tó bá fẹ́ ra omi bátìrì, tí wọ́n ti yọ òkúta inú ẹ̀ kúrò, kó fara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sára ike, kó má lọ ra ásíìdì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbà jí, wọ́n fẹ́ fọ ìró funfun wọn, wọ́n bá korobá òfìfo lábẹ́ òṣòòrò. Wọ́n wo korobá, wọ́n wo ọkọ̀ mi tó ń dán lọ́hùn-ún. Wọn ò kí mi títí di ọjọ́ Àìkú.