Àìsí ìrora kò túmọ̀ sí àìsí ewu

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri pé ẹni tí àyà kò ro kò nílò àyẹ̀wò ọkàn, àti pé bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti wálẹ̀, kí onítọ̀hún jáwọ́ nínú oògùn. Mo mọ̀ pé ire ni ẹni tó kọ ọ́ ń rò, àmọ́ apá méjèèjì ni kò tọ̀nà.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà mú ìrora wá. Ó lè máa ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfura. Fún àwọn kan, àmì àkọ́kọ́ ni ìkọlù ọkàn fúnra rẹ̀.

Ewu yàtọ̀ sí àìsàn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í. Àtẹ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2019 máa ń fi ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, sìgá, ìfúnpá (agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan, èyí tó máa ń ga nínú ẹ̀jẹ̀ ríru), àtọ̀gbẹ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ṣírò ewu pé ìkọlù ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn láàárín ọdún 10 tó ń bọ̀. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga díẹ̀, tó tún ń mu sìgá, tó sì ní àtọ̀gbẹ, lè wà nínú ewu ju ẹni tí tirẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣùgbọ́n tí kò ní ìkankan nínú ìyókù.

Ní ti oògùn: bí ìfúnpá bá wálẹ̀ nígbà tí ẹ ń lò ó, oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá dá a dúró, ó sábà máa ń padà gòkè. Dókítà ni kó pinnu bóyá kí ó dín in kù.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ wọn ìfúnpá ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bó bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì ní kó ṣírò ewu yín.