Ta ló sọ pé fẹ́ẹ̀sì kíláàsì nìkan ni wọ́n ń gbà?

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo lọ ṣe fọ́tókọ́pì ní Sábó, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ọmọ aládùúgbò mi kan tó wà ní Part 2 (ọdún kejì) ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá mi lọ. Ó fẹ́ tẹ fọ́ọ̀mù kan jáde, ti ètò ìwádìí sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gboyè. Bí arákùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ṣe rí àkọlé ìwé náà báyìí, ó bi í pé, "Èló ni GP ẹ?" Ọmọ náà ní 3.6 lórí 5, ìyẹn ìpíndọ́gba èsì ìdánwò rẹ̀. Ni arákùnrin náà bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò, má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú. Fẹ́ẹ̀sì kíláàsì nìkan ni wọ́n ń gbà síbẹ̀." Ọmọ náà ká ìwé náà sínú báàgì, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi délé.

Inú bí mi gan-an. Ohun tí arákùnrin yẹn gbọ́ ló sọ, mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní họ́sítẹ̀lì ń sọ fún wa nígbà tiwa, àwọn olùkọ́ mìíràn náà sì ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ni, mo sì ti rí ọmọ tó pọ̀ tí irọ́ yìí dá padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí irú ètò báyìí wà fún. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ìwádìí sáyẹ́ǹsì, ìyẹn NSF, ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní REU, tó ti wà láti 1987. Ọmọ ilẹ̀ wọn àti àwọn tó ní ìwé ìgbélùú títí ayé nìkan ló wà fún, nítorí náà kì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ wo òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un: ó kéré tán, ìdajì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá gbà gbọ́dọ̀ wá láti ilé ẹ̀kọ́ tí àǹfààní ìwádìí kò ti pọ̀, títí kan àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì. Ẹni tó jẹ́ pé orí èsì nìkan ló ń wá kò ní ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan láàbù ni wọ́n ń wá kí ó lè fọwọ́ kàn án.

Ti àwa náà wà. OIST, yunifásítì ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan ní erékùṣù Okinawa ní Jàpáánì, ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè gbogbo fún ìwádìí oṣù díẹ̀, àwọn ló ń san owó bàálù, àwọn ló ń wá ibùgbé. Transcript, ìwé èsì ìdánwò, wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń béèrè pé kí o kọ ohun tí o fẹ́ wádìí àti ìdí rẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́ sì jẹ́rìí sí ọ.

Lẹ́tà ìjẹ́rìí yìí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi fara balẹ̀ wò. Olùkọ́ tó ń kọ́ igba ọmọ nínú kíláàsì kan, kí ni yóò kọ nípa ẹni tó gba A? Yóò kọ pé ọmọ dáadáa ni, pé ó ṣe ipò kìíní. Ó parí. Ẹni tó máa gbà ọ́ sí láàbù rẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá wàá tètè dé, bóyá wàá kọ ohun tí o bá rí sílẹ̀ bó ṣe rí, bóyá wàá sọ òtítọ́ bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Kò sí ìdánwò tó ń sọ ìyẹn.

GP tèmi jẹ́ 3.7 nígbà tí mo gba fọ́ọ̀mù irú ètò bẹ́ẹ̀. Tú-wàn ni, ìpele tó tẹ̀ lé fẹ́ẹ̀sì kíláàsì, 4.5 lórí 5 ni fẹ́ẹ̀sì kíláàsì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo ní ni pé láti Part 2 ni mo ti lọ bá olùkọ́ mi kan pé kí ó jẹ́ kí n máa fọ páléètì, àwo pẹlẹbẹ tí kòkòrò àìfojúrí ń hù nínú rẹ̀ ní láàbù. Mo fọ páléètì fún oṣù méjì. Lẹ́yìn náà ó ní kí n máa yẹ omi kànga wò, kànga mẹ́fà ní Modákẹ́kẹ́. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń se agar, oúnjẹ tí kòkòrò ń hù lórí rẹ̀, nínú autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi ooru pa kòkòrò, ìwọ̀n ooru 121, ìṣẹ́jú 15. Mo kọ́ pé páléètì tí ìdì kòkòrò tó hù lórí rẹ̀ bá tó 30, tí kò sì ju 300 lọ, nìkan ni a lè kà ká gbà á gbọ́. Mo mọ E. coli, kòkòrò tó ń fi hàn pé ìgbẹ́ ti wọ omi, lórí EMB agar (irú agar kan tó ń jẹ́ kó dá yàtọ̀) láìbéèrè: ó máa ń dán bí ẹ̀yìn eṣinṣin ńlá aláwọ̀ ewé tó ń bà lé ẹran.

Ní òru ọjọ́ kan, iná lọ. Incubator, àpótí tó ń mú páléètì móoru, tó yẹ kó wà ní ìwọ̀n ooru 37, ti tutù kí n tó dé láàárọ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: aago tí mo dé, ìwọ̀n tí mo bá níbẹ̀, páléètì tó bàjẹ́. Mo padà lọ sí Modákẹ́kẹ́, mo tún omi fà.

Nígbà tí ilé ìwádìí kan ní Yúróòpù pè mí lórí kọ̀ǹpútà láti fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, òru tí iná lọ yìí ni wọ́n béèrè jù. Wọ́n ní báwo ni mo ṣe mọ̀ pé páléètì yẹn kò dára mọ́? Wọ́n ní kí ni mo ṣe lẹ́yìn náà? Ẹnikẹ́ni kò béèrè GP mi títí a fi parí. Wọ́n gbà mí.

Àwọn kan á ní, ẹ wo àwọn tó ń lọ lọ́dọọdún, ṣebí fẹ́ẹ̀sì kíláàsì ni gbogbo wọn. Àwọn nìkan ló ń gba fọ́ọ̀mù ni! Ẹ ti lé àwọn yòókù sẹ́yìn. Ti ẹsẹ̀ gígùn tí wọ́n tún ń sọ, bàbá mi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ìlódè, kò mọ ẹnì kankan ní Yúróòpù.

Ó dáa, àwọn ètò kan wà tó gbé òdiwọ̀n èsì kalẹ̀. KAUST, yunifásítì kan ní Saudi Arabia, sọ pé kí èsì tó 3.5 lórí 4, bí tìrẹ kò bá tó bẹ́ẹ̀, wá ibòmíràn lọ. Èsì tí kò dára rárá yóò sì dí ènìyàn lọ́wọ́ níbikíbi. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ní 3.6 lórí 5 ní Part 2, tó ṣì ní ọdún méjì níwájú, ta ló fún yín láṣẹ láti dá a dúró?

Ọmọ náà wá sílé mi lálẹ́ àná. A tú ìwé tó ká jáde, a sì kọ ìpínrọ̀ méjì àkọ́kọ́, lórí ìdí tí omi odò Ọ̀pá fi ń yí àwọ̀ padà lẹ́yìn òjò. Kò tíì ní olùkọ́ tó lè kọ lẹ́tà fún un. Olùkọ́ kan wà tó ń ṣiṣẹ́ lórí omi, ọmọ náà sì ń lọ bá a láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo ti sọ fún un pé kí ó má kọ́kọ́ dárúkọ lẹ́tà o, kí ó bi wọ́n bóyá páléètì wà tí ó lè bá wọn fọ̀.