Ta Ló Ni Ilé-Iṣẹ́ Tí Òṣìṣẹ́ Kò Lè Ta Ìpín Rẹ̀?

Alákọ̀wé Ìbàdàn: Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ John Lewis wò, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tún ni Waitrose, àwọn ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ. Lọ́dún 1929 ni John Spedan Lewis, ọmọ ẹni tó dá a sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọwọ́ ara rẹ̀ kúrò nínú níní ilé-iṣẹ́ náà, ó sì parí rẹ̀ lọ́dún 1950, tí ìpín rẹ̀ fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn alámòójútó tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ nítorí àwọn òṣìṣẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ pín èrè, bí ìdá tí agbowó inú ṣọ́ọ̀bù yóò gbà lórí owó ọdún rẹ̀ ṣe rí, bẹ́ẹ̀ náà ni ti alága. Mo fẹ́ kí àwọn olówó wa kọ́ èyí, nítorí ilé-iṣẹ́ tó bá olówó rẹ̀ wọ sàréè ti pọ̀ jù láàárín wa.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n n kò gbà pé àwọn òṣìṣẹ́ ló ni ín. Ohun tí mo bá ni, mo lè tà á, mo sì lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ mi; òṣìṣẹ́ tó bá kúrò níbẹ̀ kò mú ìpín kankan dání. Wọn kò san bónọ́ọ̀sì, ìyẹn ìpín èrè tí ẹ sọ yẹn, lọ́dún 2021, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti 1953. Wọn kò san án ní 2023 àti 2024, àti ní 2025 pàápàá, tí èrè ti dé 126 mílíọ̀nù pọ́n-ùn, wọ́n ní àtúnṣe ṣọ́ọ̀bù àti àfikún owó oṣù ló kàn. Onílé wo ni wọ́n ń sọ fún pé kò sí owó ilé lọ́dún yìí, tí kò sì lè lé ayálégbé?

Ìyá Ìbejì, London: Ẹ̀yin ọmọ mi, ìpín tó ṣe é tà náà ni mo ní níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kógbá wọlé, iṣẹ́ lọ, owó tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án kó jọ náà sì bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn ti United Airlines ní Amẹ́ríkà: lọ́dún 1994 wọ́n gbà kí wọ́n gé owó oṣù wọn kí wọ́n lè ní ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ó sì di December 2002, gbèsè gbé ilé-iṣẹ́ náà dé ilé ẹjọ́, ìpín wọn sì di òfo.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Mo gbà pé kí wọ́n má tà á. Àṣẹ ni mo ń béèrè.

Alákọ̀wé Ìbàdàn: Àwọn òṣìṣẹ́ John Lewis ní ìgbìmọ̀ tí wọ́n fi ìbò yàn, tó lè yọ alága nípò. Lọ́dún 2023 ó dìbò pé èsì ọdún tó kọjá lábẹ́ Sharon White, alága ìgbà náà, kò tẹ́ òun lọ́rùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ìgbìmọ̀ kan náà ló dìbò pé kí White máa bá iṣẹ́ lọ. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá fúnra wọn dìbò lórí iye èrè tí wọn yóò pín àti iye tí wọn yóò dá padà sínú òwò, nígbà náà ni n ó pè wọ́n ní onílé.

Ìyá Ìbejì, London: Ìyẹn dára, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìwé ìṣirò owó han gbogbo wọn. Wọn kò fi tiwa hàn wá rí.