Ẹjọ́ bíríkìlà nìkan kọ́
Nínú ìròyìn kan tí mo kà, bíríkìlà nìkan ni a dá lẹ́bi nítorí dẹ́kìnì (kọnkéré tí a dà sí òkè ilé) tí ó ya, nígbà tí ẹni tí ó ta irin inú rẹ̀ sọ pé bí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe irin náà ṣe kó o fún òun ni òun ṣe tà á. Àwíjàre yẹn kò tó. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 sọ pé ẹni tí ó bá pèsè ọjà alábùkù ni yóò san owó ìpalára tí ọjà náà fà, bí kò tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni oníbàárà ti rà á. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ pàápàá kò lè sá fún un. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹ lè ra irin mílímítà 12 kí ẹ wọ̀n ọ́n kí ó jẹ́ 10, èyí tí ó túmọ̀ sí pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá irin náà ti dín (owó 12 sì ni ẹ san!). Rìsíìtì wa ni ìṣòro: “irin, 40” ni wọ́n máa ń kọ, láìsí ìwọ̀n, láìsí orúkọ ilé-iṣẹ́. Kí onílé béèrè fún méjèèjì, kí ó sì gé lára irin náà pamọ́ fún ẹ̀rí kí wọ́n tó da kọnkéré lé e.