Kíndìnrín kọ́ ni wọ́n ń wá lára ọmọ aláàbọ̀ ara

Bí ẹ bá ń gbé Abùjá, tí ẹ sì máa ń bá ìjọ tàbí ẹgbẹ́ yín gbé ìrẹsì àti ọṣẹ lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ní Kuje, Gwagwalada tàbí Karu, ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣàjèjì sí yín. Wọ́n á ní tọkọtaya kan ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà wá gba ọmọ kan tí kò lè rìn, kí wọ́n lè máa tọ́ ọ bí ọmọ tiwọn. Kíá, ẹnì kan á ti rẹ ohùn sílẹ̀: "Kí ni wọ́n fẹ́ fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe? Kíndìnrín rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ yọ tà." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá ìjọ, mo gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì, èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Irọ́ ni. Ó sì ń ṣe ọmọ lọ́ṣẹ́, nítorí mọ̀lẹ́bí tó yẹ kó fọwọ́ sí ìwé á fà sẹ́yìn, ọmọ á sì wà lórí ẹní tí wọ́n tẹ́ ẹ sí.

Ẹ kọ́kọ́ wo ara ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara, èyí tó dá ṣáṣá ló ń wá. Nínú àwọn ọmọ tó ní Down syndrome, ìyẹn ipò tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọ tí kì í jẹ́ kí ọpọlọ àti ara rẹ̀ tètè dàgbà, nǹkan bí ìdajì ni wọ́n bí pẹ̀lú àléébù nínú ọkàn. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ba kíndìnrín jẹ́ láti kékeré. Kò sí oníṣòwò tó máa fi àwọn tó ní ìlera sílẹ̀ kó wá máa wá irú àwọn ọmọ wọ̀nyí kiri. Yàtọ̀ síyẹn, pípààrọ̀ kíndìnrín kò dà bíi ká pààrọ̀ páàtì mọ́tò lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì Apo. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fún ni àti ti ẹni tó gbà gbọ́dọ̀ bára mu, ẹran ara wọn náà bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì á pé jọ sí tíátà, ẹni tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún á sì máa lo oògùn títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Láti 1984 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka rírà àti títa ẹ̀yà ara léèwọ̀. Ibo ni èèyàn á gbé kíndìnrín ọmọ ọdún mẹ́ta wọ̀ níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ní béèrè ibi tó ti wá?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Ekweremadu ńkọ́?" Ẹjọ́ Ike Ekweremadu, sẹ́nétọ̀ wa tẹ́lẹ̀, gan-an ló yẹ kó là wá lójú. Ní oṣù kẹta 2023 ni kóòtù ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù dá a lẹ́bi, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti dókítà kan, lórí kíndìnrín tí wọ́n ń wá fún ọmọbìnrin wọn. Ẹni tí wọ́n mú lọ kì í ṣe ọmọdé, kì í ṣe aláàbọ̀ ara, kò sì sẹ́ni tó gbà á tọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà ní Èkó ni, tí ara rẹ̀ le koko. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn dókítà ọsibítù ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù bi í ní ìbéèrè, ọkàn wọn kò balẹ̀, wọ́n sì kọ̀ jálẹ̀. Igbákejì ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú gbogbo owó àti orúkọ rẹ̀, kò rí iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo ṣe.

Ìtàn kíndìnrín ọmọ aláàbọ̀ ara yìí pàápàá, àtọ̀húnrìnwá ni. Ní oṣù kìíní 1987, ní orílẹ̀-èdè Honduras, ọ̀gá kan tó ti ṣiṣẹ́ rí ní àjọ wẹ́lífíà ibẹ̀ sọ fún ìwé ìròyìn pé àwọn tó ń wá gba ọmọ aláàbọ̀ ara tọ́, ńṣe ni wọ́n ń tà wọ́n fún ẹ̀yà ara. Kò pẹ́ tó fi kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, ó ní àgbọ́sọ ni. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Àwọn ìwé ìròyìn Soviet, ìyẹn Rọ́ṣíà ayé ìgbà náà, gbé e, nítorí ìjà tó wà láàárín wọn àti Amẹ́ríkà, ó sì tàn ká ayé. Ní 1994, ní Guatemala, àwọn ará ìlú kan lu obìnrin ará Amẹ́ríkà kan títí kò fi mọ ibi tó wà mọ́, wọ́n ní ó jí ọmọ fún ẹ̀yà ara. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde pé àwọn kò rí ẹ̀rí ẹyọ ọmọ kan ṣoṣo tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp lónìí, àtọmọdọ́mọ ọ̀rọ̀ Honduras yẹn ni.

Ẹ wá wo bí ọmọ ṣe ń kúrò ní Abùjá. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ló ń ṣiṣẹ́ níbí, òfin náà sì fẹ́ kí ẹni tó ń gba ọmọ tọ́ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Nítorí náà, púpọ̀ nínú àwọn "òyìnbó" tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ọmọ Yorùbá ni wọ́n, tàbí ọmọ Ìgbò, tó ń gbé Houston tàbí Maryland. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti fi tó àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà létí ní ọdún kan kí kóòtù tó fàṣẹ sí i. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti wà lọ́dọ̀ wọn fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà á wọ ilé wọn wò, wọ́n á tẹ̀ka, wọ́n á fi owó tó ń wọlé fún wọn hàn. Láti 2014, àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí nìkan ló lè bá wọn ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn Hague ti 1993, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí gbígba ọmọ tọ́ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń fúnni ní físà ní Èkó á tún wádìí ibi tí ọmọ ti wá. Ẹni tó fẹ́ ta ọmọ kì í dúró de gbogbo èyí.

Mi ò ní kí ẹ rò pé wọn kì í jí ọmọ tà ní Nàìjíríà. Wọ́n ń jí i. Ní oṣù kẹwàá 2019, ọlọ́pàá Kano rí ọmọ mẹ́sàn-án tí wọ́n jí gbé ní Kano, tí wọ́n sì lọ tà ní Onitsha. Onitsha kì í ṣe òkè òkun. Ní oṣù kẹta 2021 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá gbígba ọmọ tọ́ láti Nàìjíríà dúró, ìbẹ̀rù òwò ọmọ sì wà nínú ìdí tí wọ́n sọ. Ó tọ́ kí èèyàn bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ọmọ jòjòló tó dá ṣáṣá ni ọjà yẹn ń wá, èyí tí ẹni tó ń wójú Olúwa fún ọmọ lè gbé pọ̀n kó sì pè ní tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sanwó abẹ́lẹ̀ fún ọmọ tí kò lè gbé ọrùn dúró.

Mo jókòó ti ọ̀kan nínú wọn rí. Ibà pọ́njú ló mú un lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bí i; wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e sóòrùn, oòrùn kò sì lè wo irú ibà bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ti le. Àpótí tí káńfọ̀ wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ti kó aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ tuntun, àwọn ọmọ kan wà tí káńfọ̀ máa ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, tí ibà pọ́njú á fi gun orí ọpọlọ.) Ìyá tó ń tọ́jú rẹ̀ gbé e lé itan, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbé orí rẹ̀ ró. Ṣíbí ògì kan. Ó dúró kó gbé e mì. Ó nu ẹnu rẹ̀. Ṣíbí mìíràn. Ògì abọ́ kékeré kan gbà ju wákàtí kan lọ, ọmọ náà sì ń rẹ́rìn-ín sí i ní gbogbo ìgbà tí ó bá pe orúkọ rẹ̀.

Ibí ni mo rò pé irọ́ náà ti ń rí okun gbà. Ó ṣòro fún wa láti gbà pé ẹnì kan lè rí ọmọ yìí kó sì fẹ́ ẹ fún ara rẹ̀, láìsí nǹkan míì tó ń wá. Àwọn baba wa tó ń pe irú wọn ní ẹni òòṣà, tí wọ́n ní Ọbàtálá ló ni wọ́n, bọ̀wọ̀ fún wọn jù wá lọ.

Kì í ṣe gbogbo àwọn tó gbà wọ́n ló ṣe é yanjú. Ní 2010, obìnrin kan ní Amẹ́ríkà fi ọmọ ọdún méje tó gbà láti Rọ́ṣíà sínú bàálù, òun nìkan, ó dá a padà sí Moscow. Ìkà gbáà ni. Mo sì fara mọ́ ohun tí àdéhùn Hague sọ, pé ká kọ́kọ́ wá ilé fún ọmọ nílẹ̀ tí wọ́n ti bí i kí a tó wo òkè òkun. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí Súrà 33 ní kí ọmọ máa jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, ó ṣì lè jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ kó sì dàgbà lọ́dọ̀ yín. Èwo nínú wa ló ti lọ béèrè fún ọ̀kan?

Bí tọkọtaya kan bá dé, tí ara bá ń fu yín, ẹ béèrè nọ́ńbà ẹjọ́ ní kóòtù, ẹ béèrè orúkọ òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà tó mú fáìlì náà dání, ẹ béèrè àjọ tó ń bá wọn ṣe é. Bí wọn kò bá ní ìkankan, NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti òwò ènìyàn, wà ní Wuse, iṣẹ́ wọn ni. Bí wọ́n bá ní gbogbo rẹ̀, ẹ sọ ohun tí ọmọ náà ń jẹ fún wọn, àti orúkọ tó máa ń dáhùn.