Kí káńsù náà lágbára lórí ọ̀rá

Ohun tí mo rí kà nínú ìròyìn kan ni pé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó nìkan ló yẹ kó máa mójú tó òfin tó de ọ̀rá (láílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń di ọjà), kí káńsù máa wòran. N kò fara mọ́ ọn rárá. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin 1999 ka àkóso ọjà àti ìdọ̀tí kíkó mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ibo ni wọ́n ti ń ta ọ̀rá ọ̀hún bí kò ṣe inú ọjà?

Láti oṣù kìíní 2024 ni Èkó ti fòfin de àwo fóòmù. Ní oṣù keje 2025 wọ́n fi ọ̀rá tí kò nípọn tó 40 máíkírọ́ọ̀nù (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ọ̀rá ṣe nípọn tó) kún un. Síbẹ̀, òjò ò ní í rọ̀ ní Muṣin kí gọ́tà wa má kún fún ọ̀rá. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń ti Aláùsá bọ̀ ò lè mọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kó o pamọ́ sí lọ́jà Òkè-Àrìn. Ìyálọ́jà mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń gbowó ìsọ̀ náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà mí: kí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù má sọ òfin náà di tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n á máa já fún ìyá onírẹsì (ẹ sáà mọ àwọn èèyàn wa). Àwọn tó ń tà á ní páálí-páálí ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá. Kí káńsù sì fún àwọn tó ń ta ewé eéran ní ìsọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fúngbà díẹ̀.