Amúkùn-ún, Ẹrù Rẹ Wọ́

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní, "Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Láti kékeré la ti mọ òwe yìí. Ohun tó máa ń wù mí nínú rẹ̀ ni pé amúkùn-ún kò jiyàn. Kò sọ pé ẹrù òun tọ́, kò sì bú ẹni tó pe òun. Ó gbà pé ó wọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí ẹni tó fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ náà gbé ojú wálẹ̀, kó wo ẹsẹ̀ tó ru ẹrù.

Mo mú òwe náà wá nítorí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ White Sox ní Chicago, ìlú kan ní Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti sọ di ilé. Béèsìbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá, eré tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù kékeré, tí ẹnì kejì ń fi igi gbá a kó tó sáré. Ẹni tí kò bá mọ eré yìí lè máa rò pé ìbànújẹ́ olólùfẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń tẹ̀lé Arsenal. Ó yàtọ̀. Bí Arsenal bá fìdí rẹmi lónìí, èèyàn lè ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí ọ̀sẹ̀ kan láti fi tu ara rẹ̀ nínú. Ní béèsìbọ́ọ̀lù, ìdíje 162 ni wọ́n ń gbá láàárín oṣù mẹ́fà. Ojoojúmọ́ ni, àyàfi ọjọ́ díẹ̀. Ọgbẹ́ àná kò tíì jinná tí tòní yóò fi dé.

Lọ́dún 2024, White Sox pàdánù ìdíje 121, wọ́n borí nínú 41 péré. Láti ọdún 1900, kò sí ẹgbẹ́ kankan nínú líìgì àgbà Amẹ́ríkà tó pàdánù tó bẹ́ẹ̀ ní sáà kan. New York Mets ti 1962 ló di ipò ìtìjú yẹn mú tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú 120, ọdún tí wọ́n dá Mets sílẹ̀ gan-an sì nìyẹn. Nínú ìdíje 25 àkọ́kọ́, White Sox borí nínú mẹ́ta. Láti ọjọ́ 10 oṣù Keje sí ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, ìdíje 21 ni wọ́n pàdánù léraléra.

Bàbá kan wà ní òpópónà wa tó máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta rẹ̀ lálaalẹ́ pẹ̀lú rédíò kékeré kan. Fìlà 2005 ló máa ń dé, ọdún tí White Sox gba World Series, ife-ẹ̀yẹ tó ga jù lọ nínú eré náà, àkọ́kọ́ láti 1917. Àwọ̀ fìlà náà ti ṣá, àtẹ́ iwájú rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ìpàdánù 21 yẹn, mo ṣàkíyèsí pé bàbá kì í pa rédíò. Ó kàn máa ń rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ni, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rò pé òun nìkan ló kù tó ń gbọ́ ọ.

Nígbà tí ariwo pọ̀, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ, wọ́n lé kóòṣì, Pedro Grifol. Ìdíje 28 ló borí lọ́dún yẹn, ó pàdánù 89. Grady Sizemore tó gba ipò rẹ̀ borí ní 13, ó pàdánù 32. Wọ́n ti ẹrù sí apá òsì, ó wọ́. Wọ́n tì í sí apá ọ̀tún, ó ṣì wọ́. Ẹni tó bá ń wo òkè nìkan yóò ní kóòṣì kejì náà kò dáa.

Ẹ jẹ́ ká wo ìsàlẹ̀. Jerry Reinsdorf ló ṣáájú àwọn tó ra ẹgbẹ́ yìí lọ́dún 1981. A kì í torí ìjà ká gbàgbé oore: lábẹ́ rẹ̀ ni ife-ẹ̀yẹ 2005 ti wá, kò sì sí ẹni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ó ní ìwà kan tí àwọn olólùfẹ́ ti ń sọ fún ọdún pípẹ́: ẹni tó bá ti bá a ṣiṣẹ́ rí ló máa ń padà sí. Ìwà ọmọlúàbí ni kéèyàn má gbàgbé ọ̀rẹ́. Nínú ilé tiẹ̀, mo lè yìn ín fún un. Ní ibi iṣẹ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn gbọ́kàn lé, ọ̀tọ̀ ni. Lọ́dún 2020, ó pe Tony La Russa padà, ẹni tí wọ́n ti lé lọ lọ́dún 1986. Ẹni ọdún 76 ni La Russa nígbà náà, kò sì tí ì darí ẹgbẹ́ kankan láti 2011.

Òwe kì í dùn tó bẹ́ẹ̀ ká fi bo òtítọ́: lọ́dún 2021, La Russa borí ní 93, wọ́n sì ṣe ipò kìíní ní ìpín wọn. Ẹrù tọ́ lójú gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àwọn ìràwọ̀ kún òkè, àwọn ọ̀dọ́ tó gbó tó láti rọ́pò wọn kò tó nílẹ̀. Nígbà tí ara àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀, 2022 di ìborí 81 sí ìpàdánù 81, 2023 di ìpàdánù 101. Ní oṣù Kẹjọ 2023, Reinsdorf lé àwọn méjì tó ti ń darí fún un tipẹ́, Kenny Williams àti Rick Hahn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tó fi Chris Getz síbẹ̀. Ọmọ ilé ni Getz, òun ló ti ń bójú tó títọ́ àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ náà láti òpin 2016. Mi ò sọ pé Getz kò mọ iṣẹ́. Ohun tó dùn mí ni pé wọn kò ṣí ìlẹ̀kùn kí àwọn ará ìta wá sọ ohun tí wọ́n rí.

Kí ló fà á tí irú èyí fi lè pẹ́? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ tó bá ṣe ipò ìkẹyìn yóò já sí líìgì ìsàlẹ̀, owó yóò sì bọ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, kò sí jíjá. Ẹgbẹ́ tó pàdánù 121 yóò tún wà ní àyè rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, yóò sì gba ìpín tiẹ̀ nínú owó tẹlifíṣàn gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹni tó ń jìyà àbùkù ni ẹni tó jókòó sí ìta pẹ̀lú rédíò. Ìtùnú tí ìṣubú máa ń mú wá, ìyẹn àǹfààní láti ṣáájú nínú yíyan àwọn ọ̀dọ́ tuntun, kò tilẹ̀ kàn wọ́n bó ṣe yẹ. Nítorí òfin líìgì lórí àwọn ẹgbẹ́ ìlú ńlá, ipò kẹwàá ni wọ́n fi White Sox sí lọ́dún 2025.

Nítorí náà, ẹ̀yin olólùfẹ́, ẹ̀tọ́ yín ni ìbínú. Ẹ kàn mọ ibi tí ẹ ó dà á sí. Mo ń ronú nípa ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn oṣù Kẹsàn-án 2024. White Sox padà sílé pẹ̀lú ìpàdánù 120. Àwọn kan ra tíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè wà níbẹ̀ nígbà tí ìkọkànlélọ́gọ́fà bá ṣẹlẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 24, ẹgbẹ́ Angels tó wá bá wọn gbá ń ṣáájú wọn títí di ìpele kẹjọ nínú mẹ́sàn-án, àwọn èrò sì ń kọrin sí Reinsdorf pé, "Ta ẹgbẹ́ yìí!" Àwọn ọmọ náà dìde ní ìpele yẹn, wọ́n borí 3 sí 2. Wọ́n borí lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì fi 7 sí 0 parí ọjọ́ kẹta.

Orin yẹn tọ́. Òun gan-an ni wíwo ìsàlẹ̀. Ẹni tó jókòó sílé tó fi owó tíkẹ́ẹ̀tì sápò náà tọ́, kò da ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí tí ọkàn mi kò gbà ni kéèyàn wá máa gbàdúrà pé kí ọmọ ọdún 23 tó wà lórí pápá ṣubú kí òun lè sọ pé ó ṣojú òun. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi í fún ẹkùn pa jẹ. Ọmọ yẹn kọ́ ló yan ara rẹ̀, kò sì lè lé olówó rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá gbé ojú wálẹ̀ dáadáa lọ́dún yẹn yóò ti rí ohun kan. Birmingham Barons, ẹgbẹ́ tí White Sox ti ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ wọn ní ìpínlẹ̀ Alabama (ibẹ̀ náà ni Michael Jordan ti gbá béèsìbọ́ọ̀lù lọ́dún 1994), gba ife-ẹ̀yẹ líìgì wọn ní oṣù Kẹsàn-án yẹn kan náà. Ìwé ìròyìn tó ń ka ìpàdánù kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè fún wọn. Ní oṣù Kẹfà 2025 ni wọ́n kéde àdéhùn tó lè mú kí àkóso ẹgbẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ olówó kan tó ń jẹ́ Justin Ishbia: Reinsdorf lè gbé e fún un láti 2029 sí 2033, lẹ́yìn sáà 2034 ni Ishbia tó ní ẹ̀tọ́ láti gbà á fúnra rẹ̀. Ọ̀nà jìn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí, kì í ṣe ẹrù mọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án 2024, ní Detroit, ìkọkànlélọ́gọ́fà dé, 4 sí 1. Bàbá òpópónà wa wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa. Ìdíje méjì ló kù, kò sì sí ohunkóhun lórí wọn. Àwọn ọmọ náà borí lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n tún borí lọ́jọ́ Àìkú. Inú kíṣìnnì mi ni mo wà lọ́jọ́ Àìkú yẹn, fèrèsé ṣí sílẹ̀, mo sì ń gbọ́ rédíò bàbá ketekete.